Akọni Tó Wọ Aṣọ Ẹlẹ́yẹ

"Lọ́jọ́ tí afárá odò Ọya fẹ́ já, èmi ni mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, tí mo fi orí gbé e dúró títí igba ràkúnmí fi kọjá tán. Ẹ fọwọ́ kan àtàrí mi, ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ títí dòní."

Kúbúrátù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ní Boukoki, àdúgbò kan ní Niamey, ó sì tẹ orí ba kí àwọn ọmọbìnrin tó yí i ká lè fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí wọ́n ti ń pe ilé-ìwé girama níbẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti gboyè jáde ní yunifásítì tipẹ́tipẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bí Kúbúrátù bá ní òjò pa òun, ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ yọjú síta wò bóyá ilẹ̀ tutù. Bó bá ní òun rí ejò, ejò náà á ti gùn láti Boukoki dé Gamkalley létí odò, ìrù rẹ̀ á sì ṣẹ́kù sínú odò. Àwọn ènìyàn kì í bá a jà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bá tiwọn lọ, nítorí irọ́ tí kò mú nǹkan ẹnikẹ́ni lọ, ẹ̀rín ni wọ́n kà á sí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbà á gbọ́: Zùlàíkhà, àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Bí Kúbúrátù bá ní màsà tí ẹnì kan gé jẹ ni òṣùpá, ohun tí Zùlàíkhà máa béèrè ni orúkọ ẹni tó gé e jẹ. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló na ọwọ́ kékeré rẹ̀ sí àtàrí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì béèrè pé ṣé ó ṣì ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kúbúrátù lára. Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn tí wọ́n sin Ìyá Àgbà Ànísátù, ìyá bàbá wọn, láti ìgbà náà Zùlàíkhà kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ lójúmọ́. Ọyẹ́ mú Niamey lọ́dún náà bí ẹni mú olè. Eruku bo ojú ọ̀run, oòrùn dà bí àwo funfun tí wọn kò fọ̀, àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń wúkọ́. Nínú ọgbà ilé, àga onígi Ìyá Àgbà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń wà. Kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Síbẹ̀, eruku tó ń kún orí àwọn àga yòókù kì í kún orí tirẹ̀. Màmá wọn ní òun ló ń nù ún. Kúbúrátù kò rí i kó nù ún rí.

Zùlàíkhà kò tíì yọ ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó sọ gbólóhùn kẹta ọjọ́ náà.

"Àǹtí Kúbúrá, ṣé obìnrin lè fò?"

Ẹjọ́ náà pọ̀ nínú ọmọ náà, díẹ̀díẹ̀ ló sì tú u jáde. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ máa ń ṣeré akọni nígbà ìsinmi. Gbogbo wọn ló ń fò, gbogbo wọn ló ń fẹ́ iná lẹ́nu. Nígbà tí òun ní òun náà fẹ́ fò, wọ́n ní obìnrin kì í fò, wọ́n ní kó lọ dúró sídìí igi dogoyárò kí àwọn wá gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Ó lọ dúró. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀, aago á lu, gbogbo wọn á wọ kíláàsì, òun á ṣì wà nídìí igi.

Kúbúrátù gbójú sókè wo ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Báàgì ilé-ìwé ni bàbá náà, Àlàmínì, ń tà, pẹ̀lú ike omi, bọ́ọ̀lù, àti ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ láti Kùtọnu. Báàgì so rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Lára wọn, ọkùnrin ń fò. Ọkùnrin onígẹ̀ ńlá, ọkùnrin aláṣọ pupa, ọkùnrin tí apá rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ màlúù lọ. Fún àwọn ọmọbìnrin, ológbò wà, àti ọmọbìnrin kan tó jókòó tó ń gbọ́ òórùn òdòdó. Ó dà bíi pé ó ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé. Kúbúrátù béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé akọni obìnrin tó ń fò dà. Bàbá ní òun ti béèrè ní Kùtọnu, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá ọjà sì ní wọn kì í ṣe é. Ó ní ọmọbìnrin á ra ológbò.

Zùlàíkhà gbọ́. Ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí oòrùn pa. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu Kúbúrátù ti yọ lọ láìdúró dè é.

"Má dá wọn lóhùn. Páálí kan ń bọ̀ wá fún mi láti Kùtọnu, ẹgbàárùn-ún báàgì ló wà níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ Oníjì ló wà lára gbogbo wọn. Ìjì yanrìn ni obìnrin yẹn ń gùn bí ẹṣin. Ìka kan ló fi ti òkè kan kúrò lójú ọ̀nà Agadez. Ó máa dé lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọbìnrin tó kù. Àmọ́ Zùlàíkhà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, ó sì lọ ka ìka títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Jímọ̀ dé, páálí kò dé. Zùlàíkhà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá Àgbà láti ìgbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé títí tí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó ń wo ojú ọ̀nà. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta kò sọ gbólóhùn kankan rárá.

Kúbúrátù kò lè jẹun. Ó mọ abẹ́rẹ́ lò dáadáa, nítorí ìsọ̀ Ìyá Hàbíbàt, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, ló máa ń wà tó bá ti jáde ilé-ìwé. Èrò kan wá sí i lọ́kàn: báàgì akọni tí Zùlàíkhà ní tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí òun kò fi rán ìró mọ́ ọkùnrin náà lára, kí òun wé gèlè fún un, kí ó di obìnrin? Ó wá èérún aṣọ káàkiri ilẹ̀ ìsọ̀. Káákì ni gbogbo rẹ̀, aṣọ ilé-ìwé. Àbẹ̀kẹ́ Oníjì kò lè wọ káákì.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Hàbíbàt pè é. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kan kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó ní kó lọ kó aṣọ Ìyá Àgbà jáde nínú àpótí kó sá wọn, kí ikán má baà jẹ wọ́n kí ọjọ́ ogójì tó pé. Ọjọ́ ogójì ni wọ́n máa pín aṣọ olóògbé, bí wọ́n ti ń ṣe láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú àwọn baba wọn, kí oníkálukú tó gba ẹ̀bùn lè máa ṣàdúrà fún un. Ìyá Hàbíbàt ní, "Ìwọ ni mo fún o. Ohun tí òkú fi sílẹ̀, ojú ló ní."

Àpótí ṣí, òórùn káńfọ̀ àti òórùn Ìyá Àgbà jọ jáde, bí ẹni pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò níbẹ̀. Lókè pátápátá ni aṣọ ẹlẹ́yẹ wà. Pupa rúsúrúsú bí ìyeyè ni, àwọn ẹyẹ aláró sì ń fò lára rẹ̀, ìyẹ́ wọn nà gbọọrọ. Gbogbo ilé ló mọ ìtàn aṣọ yẹn. Ìyá Àgbà àti Hàdìzà, obìnrin ẹ̀yà Zarma tó jẹ́ aládùúgbò wọn, ni wọ́n jọ ra odindi rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, tí wọ́n gé e sí méjì. Ti Hàdìzà bá omi lọ lọ́dún tí odò kún wọ Gamkalley níbi tó ń gbé nígbà náà. Nígbà tí àìsàn dá Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀, Hàdìzà ló ń pọn omi, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń ya irun rẹ̀. Ìyá Àgbà pe gbogbo wọn jọ, ó ní aṣọ ẹlẹ́yẹ, ti Hàdìzà ni; ọjọ́ ogójì, kí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Kúbúrátù wà níbẹ̀. Òun gan-an ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ó sá aṣọ yòókù sórí okùn. Ó gbé aṣọ ẹlẹ́yẹ lé itan. Ó wí fún ara rẹ̀ pé etí rẹ̀ nìkan ni, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ta ni yóò mọ̀? Ó mú àlùmọ́gàjí. Aṣọ náà dún bó ti ń gé e, ó dún bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fi ahọ́n kan òkè ẹnu: tsk.

Ó rán ìró mọ́ ọkùnrin tó ń fò náà nídìí, ó bo ṣòkòtò rẹ̀. Ó wé gèlè fún un, ó sì rán ìborùn kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé sẹ́yìn. Ó fi aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, ó mú bíìkì dúdú tó fi ń kọ̀wé láti ya ojú obìnrin. Ojú Àbẹ̀kẹ́ Oníjì ló fẹ́ yà o, ojú ọmọge tó le bí iná. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tó gbé bíìkì kúrò, ilà mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ojú náà sì rọra ń wò ó láti abẹ́ gèlè. Ìyá Àgbà ni. Kò lè pa á rẹ́. Bíìkì kì í parẹ́ lára aṣọ.

"Páálí ti dé," ló sọ fún Zùlàíkhà.

Ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì kún àdúgbò. Wọ́n ní ọmọ náà wọ àárín àwọn ọmọkùnrin, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó ní òun ni Àbẹ̀kẹ́ Oníjì, ó sì sáré yí igi dogoyárò ká títí eruku fi bo gbogbo wọn. Aago ìsinmi lu, ọmọkùnrin méjì ló wà nídìí igi tí wọ́n ń dúró kó wá gba àwọn. Zùlàíkhà délé, ó sì sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò sọ láti ìgbà ìsìnkú. Màmá wọn wọ ilé ìdáná lọ sunkún ayọ̀.

Bí ó bá parí síbẹ̀, bóyá à bá máa sọ ìtàn mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin méje dúró níwájú ìsọ̀, báàgì akọni lọ́wọ́ kálukú, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé páálí dé. Kúbúrátù lè sọ pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò ju èémí kan lọ. Ó wo ojú wọn, ojú méje tí kò rẹ́rìn-ín sí i gẹ́gẹ́ bí ti ìṣáájú, ojú tó gbà á gbọ́. Yàtọ̀ sí ti Zùlàíkhà, kò rí irú ìwò bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi báàgì sílẹ̀, kí òun lọ bá Àbẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Ìyá Hàbíbàt ní kó máa sá aṣọ náà ní Jímọ̀ Jímọ̀. Ó gé ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó gé òmíràn. Lẹ́yìn àwọn méje, mẹ́fà tún dé. Gbogbo ìgbà tí àlùmọ́gàjí bá ti wọlé ni aṣọ ń dún, tsk, tsk. Kí àṣírí má baà tú, ó kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé Àbẹ̀kẹ́ Oníjì kò gbọdọ̀ fojú kan àgbàlagbà. Ọjọ́ tí àgbàlagbà bá rí i, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Torí náà, abẹ́ híjàbù ni wọ́n ń gbé báàgì sí títí wọ́n á fi yà sójú ọ̀nà ilé-ìwé. Zùlàíkhà ń sun mọ́ tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ogójì pé, ohun tó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹlẹ́yẹ kò ju ọ̀já ìgbànú lọ. Kúbúrátù ká káákì dáadáa, ó fi ọ̀já náà wé e lókè, ó sì tò ó sípò rẹ̀. Lójú àpótí, aṣọ náà pé. Ó ti àpótí, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó rò pé ó tán.

Kò tán. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ayé Ìyá Àgbà, tó bá mú Kúbúrátù jáde, iwájú ló máa ń rìn. Ó ga, ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, bó bá sì ti rìn díẹ̀, á yí ojú padà, á ní, "Kúbúrá, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń bọ̀?" Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Kúbúrátù ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ọyẹ́ tí kò jẹ́ kéèyàn rí ọ̀pá iná méjì níwájú. Eruku là díẹ̀. Ó rí aṣọ ẹlẹ́yẹ níwájú rẹ̀. Ẹyẹ aláró kan ń fò nínú eruku, òkè rẹ̀ sì ni ojú kan wà tó ń wo ẹ̀yìn, tó ń wò ó, pẹ̀lú ilà mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó mọ̀ pé báàgì ni. Ó mọ̀ pé ọmọ kékeré kan ló gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra mọ́. Eruku tún pa dé. Ó yà sí àdúgbò kejì kó má baà rìn lẹ́yìn rẹ̀; níbẹ̀ náà, méjì ń lọ níwájú, ojú méjì ń wo ẹ̀yìn. Ó gba ọ̀nà ọjà, mẹ́ta. Kò sí ọ̀nà kan ní Boukoki tí Ìyá Àgbà kò rìn lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà kò rí ìsinmi. Ó ń ṣe ìṣirò ní kíláàsì, ó gbọ́ tí ahọ́n kan òkè ẹnu lẹ́yìn rẹ̀: tsk. Ó bojú wẹ̀yìn, ògiri ni. Nílé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, ó gbọ́ tí Zùlàíkhà ń bá báàgì sọ̀rọ̀. Ó béèrè pé kí ni Àbẹ̀kẹ́ wí. Ọmọ náà dáhùn láìgbójú sókè pé, "Ó ní ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń bọ̀." Kúbúrátù bá ara rẹ̀ wí pé ọmọ náà ń rántí ohùn Ìyá Àgbà ni, kò sí nǹkan mìíràn. Ó wí i lọ́nà ogún, ó wí i lọ́nà ọgbọ̀n. Àyà rẹ̀ kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ti Hàdìzà. Kúbúrátù wà lódìkejì ọ̀nà nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé híjàbù ọmọbìnrin kan sókè níwájú obìnrin àgbàlagbà náà. Báàgì hàn. Hàdìzà dúró. Ó na ọwọ́, ó fi ìka tọ ẹyẹ náà láti orí dé ìrù. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ pa ojú tí bíìkì yà. Ó wí fún ọmọ náà pé, "Fofo," bí wọ́n ti ń dúpẹ́ ní èdè Zarma, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kúbúrátù dúró de ariwo. Ariwo kò dé. Ká ní ó dé ni, bóyá ìbá sàn. Lọ́jọ́ kejì, Hàdìzà gbé abọ́ ẹ̀wà wọ ọgbà wọn wá, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún tó ti bá Ìyá Àgbà ṣọ̀rẹ́ ti jẹ́ kí Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Kúbúrátù ń rù, ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan tó ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ náà wá sẹ́nu Kúbúrátù. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀ gan-an, ó wúwo bí òkúta ọlọ. Ó ṣí ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé òun bá kìnnìún kan jìjàkadì lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló dá kìnnìún náà, ló fi rẹ òun díẹ̀.

Hàdìzà wò ó pẹ́. "Kálá súúrù," ló wí, ọ̀rọ̀ tí ará Niamey máa ń sọ tí kò bá sí ohun mìíràn ju sùúrù lọ. Ó dìde, ó fi abọ́ náà sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ ogójì pé. Wọ́n tẹ́ ẹní kún ọgbà, àlùfáà Jùnáídù ṣàdúrà, wọ́n pín ẹ̀kọ àti fáńkéèkì oníyẹ̀fun dídín, lẹ́yìn náà wọ́n gbé àpótí jáde. Ìyá Hàbíbàt ṣí i. Ó ń yọ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ, oníkálukú ń gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń ní kí Ọlọ́run forí jin Ànísátù. Aṣọ ẹlẹ́yẹ ló fi sí ìparí nítorí pé òun ló níyì jù. Ó pe Hàdìzà. Hàdìzà na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá Hàbíbàt sì tú aṣọ náà kí gbogbo ayé lè rí ẹwà rẹ̀.

Ọ̀já kékeré kan já bọ́ sílẹ̀. Káákì ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Hàbíbàt yí káákì náà lójú, ó yí i lẹ́yìn. Ó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gidigidi.

"Kúbúrátù. Ta ni mo fún ní kọ́kọ́rọ́?"

Kúbúrátù fò dìde. "Ẹ̀yin lẹ fún mi, mà. Mo rí olè náà. Ó ga ju mọ́sálásí lọ, ó ní ìyẹ́ bí igún. Ó gbé aṣọ náà, ó ń fò lọ, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó gbé mi fò dé Gamkalley. Mo gé ìka rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mú odò pọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́…"

Ó dúró de ẹ̀rín. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ bo ojú. Àlùfáà ń wo ilẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ṣáá, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí kòkòrò nínú ike.

Nígbà náà ni Zùlàíkhà jáde láti inú yàrá. Ó dúró síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọjú sí gbogbo àgbà, ó ká híjàbù rẹ̀ sókè. Ó mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá fojú kan Àbẹ̀kẹ́, agbára rẹ̀ á tán. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ má bá a wí. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa," ló wí. "Aṣọ náà ń fò lóòótọ́. Òun rèé."

Ó yí ẹ̀yìn sí wọn. Ìyá Àgbà wo gbogbo wọn láti ara báàgì, nínú gèlè ẹlẹ́yẹ, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn.

Ìyá Hàbíbàt pariwo kékeré kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Hàdìzà ló rìn lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà, ló rọra bọ́ báàgì lẹ́jìká rẹ̀. Ó gbé e lọ síbi àga onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó sí i, ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀ láti ogójì ọjọ́. Ó fi ìka tọ ilà mẹ́ta náà. "Ànísátù," ló wí, bí ẹni ń kí ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ó wo Kúbúrátù. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀wà tí mo gbé wá lọ́jọ́ yẹn, àyè ni mo wá fún ọ kí o lè sọ ọ́. Ká ní o béèrè ni, èmi gan-an ni n bá tẹ́ aṣọ náà kí o gé e. Èmi àti ìyá bàbá yín ti gé e sí méjì rí, ta ló ní a kò lè gé e sí ogún fún àwọn ọmọ? Ohun tó o fẹ́ ṣe dára. Àmọ́ ohun rere kì í sọ ohun olóhun di ti ẹni tó jí i."

Zùlàíkhà ló fa ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí Kúbúrá, ṣé agbára rẹ̀ ti tán?"

Kúbúrátù ṣí ẹnu. Ẹnu tó gbé afárá, ẹnu tó dá kìnnìún, ẹnu tó ti òkè kúrò lójú ọ̀nà Agadez, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ọmọ ọdún méje. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó sì rí i pé ọmọ náà ń dúró, pé ìgbàgbọ́ ń rọra kúrò lójú rẹ̀ bí omi tó ń gbẹ lórí òkúta. Ó wá yé e níbẹ̀ pé irọ́ tí a ń pa fún ẹ̀rín lánàá ló ń ṣí ìlẹ̀kùn fún irọ́ tí a ó fi jalè lónìí. Pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ènìyàn sókè, òtítọ́ ni kó fi gbé e, nítorí bí irọ́ bá já lábẹ́ ọmọdé, ọmọdé ló ń ṣubú. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ó yé e, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó já ọwọ́ ọmọ náà kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, ó fo ẹní, ó fo abọ́ ẹ̀kọ, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà sínú ọyẹ́. Ní òpópónà, àwọn ọmọbìnrin ń ti kéú bọ̀, híjàbù wọn ń fẹ́, ẹyẹ aláró sì ń yọ níhìn-ín, ń yọ lọ́hùn-ún nínú eruku. Ìyá Àgbà wà níwájú, Ìyá Àgbà wà ní gbogbo ìkóríta, ojú rẹ̀ yí sẹ́yìn bó ti máa ń yí i.

Kúbúrá, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń bọ̀?

Kò bọ̀. Ó ń sá lọ ni.